Aṣọ Pupa Lára Ilẹ̀kùn Bàbá Ìpàdé

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin yàrá mi àti ti ọkùnrin tí gbogbo ilé wa ń pè ní Bàbá Ìpàdé. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan tó wà lókèèrè, kì í jáde. Nígbà tí ilé ìwòsàn pe ìyàwó rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ sọ̀yà: "Máa lọ, jàre. Ṣebí ilé ni mo wà? Èmi ni màá máa tọ́jú ọmọ." Obìnrin náà gbà á gbọ́. Bí ọmọ kò bá rí olùtọ́jú, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Kí ni olùtọ́jú wa ṣe? Ó so aṣọ pupa mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó ní bí aṣọ bá ti wà níbẹ̀, ìpàdé ń lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré kàn án lẹ́ẹ̀kan láti béèrè omi. Ó fà á létí. Ìhanrun ni mo sì sábà máa ń gbọ́ láti inú ìpàdé ọ̀hún. Ká ní wọ́n ń ṣe ìdánwò oorun ni, òun ni ì bá gba ipò kìíní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà mi.

"Màmá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kan ilẹ̀kùn Dádì."

"Ìwọ ò lọ́wọ́ ni?"

"Aṣọ pupa wà níbẹ̀, mà. Èéfín sì ti kún kíṣìnnì."

Mo sáré. Ìkòkò tí bàbá gbé kaná ti gbẹ, aṣọ ìnuwọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń jó. Mo pa gáàsì, mo da omi sí i, mo wá fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn. Bàbá Ìpàdé yọjú, àpá ìrọ̀rí hàn gàdàgbà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ìpàdé ni mo wà."

"Ìrọ̀rí ni alága?"

Ó ní ọmọ ni kò pe òun. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà!

Ìyàwó dé nírọ̀lẹ́. Kò pariwo. Ó wo ìkòkò, ó wo ọmọ. "Ká ní Tíṣà ò sí nílé ńkọ́?" Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Mi ò ní fiṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì ní sin ọmọ."

Kó tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti mú káfíńtà wá. Káfíńtà yọ ilẹ̀kùn yàrá Bàbá Ìpàdé, ó gbé e jáde. Ó béèrè ohun tí wọn ó fi aṣọ pupa ṣe.

Ìyàwó ní, "Ẹ fi nu òógùn yín. Ẹ̀yin ṣiṣẹ́ ní tiyín."

Láti ìgbà náà, mo máa ń gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn: "Dádì, omi." Bàbá rẹ̀ máa ń kùn bí agbọ́n, ṣùgbọ́n ó ń dìde.