Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá Káúbọ́ì

Lánàá, níbi ayẹyẹ ìrántí Bàbá Káúbọ́ì ní Missouri City, ẹnì kan gbé gìtá lé itan, ó ń ta á. Ohùn gìtá náà falẹ̀ bí ẹkún láti yàrá kejì.

Bàbá Káúbọ́ì ni orúkọ tí màmá mi sọ aládùúgbò wa arúgbó. Àwọn ni èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó kó ẹgbẹ́ olórin country jọ lágbègbè wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ti ilé ìwé dé, màá kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ kí wọn ní fàráńdà wọn. Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọ́dọ̀ dìde tí àgbà ò bá tíì dáhùn. Bàbá ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n màmá mi ti kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n á fi dá mi lóhùn: "Dìde."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, rẹ́kọ́ọ̀dù Bàbá ti kọrin tán, ó ṣì ń yí, abẹ́rẹ́ ń họ ọ́ ṣáá. Òórùn tábà gba gbogbo fàráńdà.

"Ẹ káàsán, sà."

Bàbá jókòó sórí àga, fìlà bò wọ́n lójú. Wọn ò dáhùn. Pákó fàráńdà ń jó mi lórúnkún. Eṣinṣin kan ń rìn lórí ìka wọn, wọn ò lé e.

Màmá mi ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n pariwo orúkọ mi.

"Mummy, wọn ò tíì ní kí n dìde."

Wọ́n gbé mi, wọ́n fọwọ́ bò mí lójú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òkú ni mo kí.

Lánàá, nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán Bàbá, mo kúnlẹ̀ láàárín èrò. Wọ́n rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Mo ṣì ń retí kí Bàbá dáhùn ni.