Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ọnọ́rébù

Nígbà tí mo gbọ́ pé ìjọba ológun ti mú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sínú ilé ìgbìmọ̀ tí yóò kọ òfin ilẹ̀ wa, inú mi dùn. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ èyí.

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Àwọn ológun ní àwọn fẹ́ gbé ìjọba lé alágbádà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí àwọn kan kọ́kọ́ jókòó ro òfin tí a ó máa fi ṣe é. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ló dìbò yan ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó. Àwọn ológun fúnra wọn mú ìyókù. Lára àwọn tí wọ́n mú ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà. Kò sẹ́ni tó dìbò fún un.

Opó ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà nílé. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́ ilé wọn, orí rẹ̀ ló fi ru omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì. Kó tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ni àwọn ẹbí ọkọ ti lé e jáde. Yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n ń kó àga sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń sùn sí. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé opó kúrò nílé ọkọ rẹ̀.

Nígbà náà, kásẹ́ẹ̀tì ni àwa tí a wà ní Ṣikágò máa ń sọ̀rọ̀ sí, a ó fún ẹni tó bá ń lọ sílé. Mo ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì wa ní Albany Park, mo sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo sọ̀rọ̀ kún odindi ojú kásẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ránṣẹ́ padà pé òun ti gbọ́, òun á gbé e dé iwájú ilé ìgbìmọ̀.

Wọ́n ti parí ìjókòó wọn kó tó wá kí wa. Pálọ̀ wa kún. Àwọn ọkùnrin tó ń wa takisí àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo kúnlẹ̀ gbé omi ìṣanwọ́ fún un.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan, onítakisí, bi í pé, “Ọnọ́rébù, ṣé ẹ̀yin lẹ wá ń ṣòfin báyìí?”

“A ò ṣòfin. À ń dámọ̀ràn ni. Àwọn ọ̀gá á wò ó, wọ́n á yọ èyí tí kò bá wù wọ́n.”

“Á jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ se ọbẹ̀, àwọn ló bù ú.”

“Ìwọ ò tíì jẹ nínú ọbẹ̀ náà ni. Lọ béèrè irú hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi wá sí.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bu omi sí ife ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo ní, “Ọkọ mi, ọ̀rọ̀ àwọn opó ńkọ́?”

“Ọ̀rọ̀ wo?” Ó ronú díẹ̀. “Áà, ìyẹn. Ìyàwó wa, a jà fún un gan-an. Wọn ò gbà ni.”

Mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá mú kásẹ́ẹ̀tì kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ nínú ilé ìgbìmọ̀ ló wà níbẹ̀, kí á gbọ́ ọ. Ọkọ mi fi í sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ olórí ìjọba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alága, ó ní ohun tí ẹni tó ṣáájú òun sọ tẹ́ òun lọ́rùn. Ó wá béèrè mọ́tò tó ní ẹ̀rọ amúlétutù fún àwọn mẹ́ńbà. Ìyẹn nìkan ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ ní pálọ̀ wa.

Kò sẹ́ni tó tètè pa á. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ díẹ̀, ohùn obìnrin kan sì jáde: “…kí òjò tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ bá wa sọ ọ́ níbẹ̀. N kò ní ẹlòmíràn tí mo lè rán.”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń ta eyín. “Ta nìyẹn?” ló wí.

Onítakisí wolẹ̀. Ọkọ mi mọ ohùn mi. Orí kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi ránṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Kò sí ohun tó ń jáde lára ènìyàn tí n kò tíì fi ọwọ́ mi nù. Èyí kò ṣeé nù. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo fi í sápò.

“Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ mi ló wà níbẹ̀ o.”

“Ọ̀rọ̀ mi náà ni,” ni mo wí. Ìdúró ni mo wà.

Ọkọ mi rọra ní, “Kúnlẹ̀ bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀.”

Mo kó àwo wọn, mo lọ fọ̀ ọ́. Nígbà tó yá mo sọ̀rọ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo ní kó má wo ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ mọ́, kó jẹ́ ká wá yàrá tó ní fèrèsé.