Ewé Tútù Lójú Títì

Òórùn ẹja yíyan ṣì wà lára aṣọ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti etí omi Ìlàjẹ dé sílé wa ní Fọlá Àgòrò, nílùú Èkó, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí mo gbọ́ tí aládùúgbò mi ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sí abúlé. Ó ní, "Ohunkóhun tó o bá rí lójú títì, má dúró o. Àwọn ajínigbé ni." Mo dá ọmọ náà dúró. Mo sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún ọmọ náà. Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ ọ.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àti àkọ́bí mi ń lọ kí ìyá ọkọ mi tí ara rẹ̀ kò yá, ní Ìbàràpá. Bàrígà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì dé ọ̀hún rí. Ọmọ mi ló ń wakọ̀, èmi ni mò ń ṣọ́ ọ̀nà. Ó tiẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Mọ́mì, ṣé kí n gbé sítíárìn fún yín ni?"

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mo rí ewé tútù lójú ọ̀dà níwájú wa, òkìtì mẹ́ta, ó tó ogún ìṣísẹ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ọmọ mi ń tẹ bíréèkì. Mo wo inú igbó, n kò rí ẹnì kankan, èyí gan-an ló sì bà mí lẹ́rù jù.

Mo ní, "Má dúró. Tẹná."

Ó gbọ́ tèmi. Lẹ́yìn kọ́nà ibẹ̀, ọkọ̀ agbégẹdú kan ti dẹnu kọlẹ̀ sójú títì. Ọmọ mi ya ọkọ̀ sápá ọ̀tún, ìdí gẹdú sì fọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé.

Àgbẹ̀ kan tó bá wa fà á yọ rọra bi mí pé, "Ìyá, ṣé ẹ ò rí ewé tá a já sílẹ̀ ni?" Òun ló ṣàlàyé pé bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́hùn-ún, ewé ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì ọmọ mi láti orúnkún. Bí wọ́n bá bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan bàbá rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Mi ò rí ewé náà." Ó rí i. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń bo àṣírí mi, èmi náà sì ń jẹ́ kó máa bò ó. Mo ti rò pé ìbẹ̀rù mi ló ń dáàbò bò ó. N kò mọ ọ̀nà, síbẹ̀ èmi ni mò ń pàṣẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá rí ewé tútù lójú títì, ẹ dín eré kù. Ẹ ò ní láti sọ̀kalẹ̀. Ẹ ṣáà dín eré kù. Ẹ sì sọ ọ́ fún ọmọ yín kó tó gbéra.