Ìbò Tí Mo Dì Lọ́jọ́ Tí A Yan Jeremi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, mo fẹ́ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, mi ò sì tíì sọ ọ́ síta rí. Àwọn tó mọ̀ mí ní Peckham mọ̀ pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò mọ ìdí. Àwọn kan ní mo ti rí iṣẹ́ tó dáa ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o!

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Rárá, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù ni, tí àwọn géńdé á dé akoto, tí wọ́n á máa kọlu ara wọn bí àgbò. Líìgì kékeré kan wà ní Yúróòpù tó ń sanwó fún àwọn tó ń gbá a, team wa ní South London sì wà nínú rẹ̀. Èmi ni mò ń ya video, èmi ni mò ń jókòó wò ó, tí mo sì máa ń sọ fún coach ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá àti ẹni tó kàn ń pariwo. Obìnrin, Mùsùlùmí, pẹ̀lú hijab mi, láàárín àwọn ọkùnrin tó ga bí òpó iná! Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo mọ iṣẹ́ náà.

Àbúrò mi, Wàsíù, wà nínú team yẹn. Òun ni quarterback wa, ìyẹn ẹni tó máa ń ju bọ́ọ̀lù sí àwọn yòókù. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jù ú. Tó bá ti fẹ́ jù ú, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa kọ sí apá òsì, kò sì lè rí ẹni tó ń bọ̀ láti ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí géńdé kan fi gbọ́dọ̀ dúró lápá òsì láti máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Gary ló ń ṣe é fún wa. Èèyàn dáadáa ni Gary, àmọ́ ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, èjìká rẹ̀ méjèèjì ló sì ń dùn ún. Ní season tó ṣáájú, wọ́n gbé àbúrò mi ṣánlẹ̀ títí ó fi sú mi láti máa kà á.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, líìgì wa máa ń ṣe draft. Gbogbo team á wà lórí video call, wọ́n á máa yan agbábọ́ọ̀lù tuntun níkọ̀ọ̀kan, èyí tó bá gbẹ̀yìn lọ́dún tó kọjá ló máa kọ́kọ́ yan. Lọ́dún yẹn, ó dá wa lójú pé ọ̀kan nínú àwọn méjì kan ló máa kàn wá.

Àkọ́kọ́ ni Kofi, ọmọ Brockley. Ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, kì í sọ̀rọ̀. Kò sí ohun ìyanu kankan lára rẹ̀, ẹni tó bá ti dúró síwájú rẹ̀ kàn ń rí i pé òun ò lè kọjá ni. Iṣẹ́ Gary gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ìkejì ni Jeremi, ọmọ Catford. Háà! Mo ti wo video tó pọ̀ láyé mi, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sókè, á fò mú un bí ẹni pé okùn so ó mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Tó bá ti mú un, kò sẹ́ni tó lè lé e bá mọ́. Àmọ́ a ti ní ẹni mẹ́ta tó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, wọn ò sì burú.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà? Ṣé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ la máa mú ni, àbí ẹni tí a nílò?

Ní ọ̀sẹ̀ draft, Wàsíù wá bá mi ní kitchen. Ó ní, “Sister Kúdì, mi ò bẹ̀ yín ní nǹkan kan rí lórí iṣẹ́ yìí. Ẹ bá mi mú Kofi, please. Gary ti tán. Lọ́jọ́ kan wọ́n máa ṣe mí léṣe.”

Mo ní, “Mo ti gbọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mo ti gbọ́ kì í ṣe yes o!”

Lọ́jọ́ Sátidé, a pàdé ní office wa lókè wáráháùsì kan ní Old Kent Road. Àwa mẹ́ta la ní ìbò: Coach Marlon, èmi, àti Mr Pat, àgbàlagbà tó ni team. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà nísàlẹ̀ ń ṣe rehearsal, ohùn wọn ń gba inú pákó wá bá wa.

Ó kàn wá, Kofi àti Jeremi sì ṣì wà nílẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni líìgì máa ń fún team. Mr Pat ní a ò tún lè rí irú Jeremi mọ́, pé ẹni tó máa dúró lápá òsì, ìgbàkigbà la lè wá a. Coach ní rárá. Ó ní ilé tó ń jò, ẹnìkan kì í lọ ra àga tuntun sínú rẹ̀. Kofi lòun ń fẹ́.

Ó wá ku èmi. Mr Pat bá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kò sídìí láti béèrè, ta ni ò mọ ibi tí Kúdì máa lọ, àbúrò rẹ̀ mà ni!

Eré ni wọ́n ń ṣe. Mo mọ̀ pé eré ni. Àmọ́ ó wọ̀ mí dé egungun. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé nítorí Wàsíù ni wọ́n fi gbà mí, tàbí pé nítorí mi ni wọ́n fi gba Wàsíù. Mo ti ṣiṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ kí ọ̀rọ̀ yẹn lè kúrò lẹ́nu wọn. Ojú gbogbo wọn wá wà lára mi.

Mo ní, “Jeremi.”

 Coach bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

Nígbà tí mo délé, Wàsíù ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní mo gbìyànjú, àmọ́ àwọn méjèèjì borí mi. Irọ́ ni mo pa! Ó dì mọ́ mi, ó ní, “No stress, ẹ ti ṣe tiyín.” Mo wọ yàrá mi, mi ò lè jẹun.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Òjò ń rọ̀, èmi wà lórí àtẹ̀gùn irin tí mo ti ń ya video. Wàsíù gba bọ́ọ̀lù, ó yí padà, ó ń wá Jeremi. Nínú kámẹ́rà ni mo ti rí ẹni tó ń bọ̀ lápá òsì. Gary na ọwọ́ sí i, èjìká rẹ̀ kọ̀, ọkùnrin náà sì kọjá lára rẹ̀. Mo kígbe orúkọ àbúrò mi. Ta ló máa gbọ́ mi láti òkè yẹn? Ọkùnrin náà já lu orúnkún rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Mi ò ní ṣàlàyé bí ẹsẹ̀ náà ṣe rí. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Ní hospital, wọ́n ní orúnkún ti yẹ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ti já. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi gbìyànjú. Mummy fi shift wọn sílẹ̀, wọ́n jókòó pẹ̀lú tẹ̀sùbáà wọn, ètè wọn ò dúró. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Coach wá kí i. Ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Ó ní kí Wàsíù dárí ji òun, pé òun ìbá ti jà sí i lọ́jọ́ náà, pé Kofi lòun fẹ́ mú, ìbò òun nìkan ni ò tó.

 Wàsíù ń ṣírò ìbò mẹ́ta náà, mo ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

“Sister Kúdì, ẹ ní wọ́n borí yín ni.”

 Mummy ló sọ̀rọ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Kúdírátù, ṣé nítorí ohun tí wọ́n máa sọ ni?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n ní, “Àwọn tí wọ́n máa sọ ọ́ dà?” Wọ́n wá gbé ojú wọn kúrò lára mi.

Ẹ sì wá gbọ́ o: Jeremi ò já wa kulẹ̀! Wọ́n mú quarterback mìíràn, wọ́n rí ẹnìkan tó rọ́pò Gary, Jeremi sì ń fò káàkiri bí ẹyẹ. Team gba ife lọ́dún yẹn. Mo ń lọ ní Rye Lane, ẹnìkan tí mi ò mọ̀ dá mi dúró, ó ní, “Aunty, ẹ̀yin lẹ mú Jeremi, àbí? Ẹ mọ èèyàn yàn gan-an!” Mo dúpẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì tí kì í ṣe tèmi. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Àjà kẹta ni flat wa wà, lift sì máa ń bàjẹ́. Wàsíù ń kí mi, ó ń dáhùn tí mo bá pè é, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tó oṣù mẹ́jọ tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán Sunday kan, ó wá ní kí n gbé laptop wá, òun fẹ́ wo video ọjọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun fẹ́ wò ó.

A jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, a wò ó. Ó tún un wò. Ó wá béèrè, jẹ́jẹ́, “Kofi ńkọ́? Ṣé ì bá dí i?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lè ní mi ò mọ̀. Ta ló máa yẹ̀ mí wò? Àmọ́ mo ti wo gbogbo video Kofi láti ìgbà yẹn, mo ti wò wọ́n títí ojú mi fi wú. Bí ọkùnrin yẹn ṣe wá gan-an ni Kofi mọ̀ ọ́n dí jù lọ.

Mo ní, “Ì bá dí i.”

Wàsíù mi orí. Ó pa laptop náà dé. Ó ní, “Ẹ ṣé. Ẹ lè máa lọ.” Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé, mo sì jáde.

Wọ́n máa ń bi mí pé èwo ló dáa, ká mú ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni, àbí ẹni tí a nílò? Mi ò lè dáhùn ún mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ yẹn, mi ò yan èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ojú ayé ni mo dìbò fún. Tí òótọ́ bá gbe ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pè yín lólójúsàájú. Orúkọ burúkú á ṣá. Ẹsẹ̀ kì í hù padà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti pa ọ̀rọ̀ tó tọ́ mọ́nú rí nítorí pé ará ilé yín ló máa ṣe láǹfààní? Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Màá ka gbogbo rẹ̀.