Mo Ní Kó Sọ Pé Òun Jẹ̀bi

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹnu mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí: èmi ni mo ní kí ìyàwó mi dúró níwájú adájọ́ kó sọ pé òun jẹ̀bi. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe lọ́yà. Èmi ọkọ rẹ̀ ni, èmi tí mo ṣe olùkọ́ ní Abẹ́òkúta fún ọdún mẹ́rìnlá, tí àwọn ará ìjọ wa aláṣọ funfun ní Barking máa ń ránṣẹ́ pè tí tọkọtaya bá ń jà, nítorí wọ́n ní mo mọ ìjà á parí. Ìjà tí mo mọ̀ ọ́n parí yẹn ló kó bá wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ìyàwó mi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n torí ẹ̀ fún un ní físà tó gbé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun, èmi àti ọmọ wa obìnrin, wá sí ìlú òyìnbó yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Barking láti ra ìrẹsì, ẹja àti búrẹ́dì. Ó rí kóòtù òjò ọmọdé kan, aláwọ̀ búlúù. Ó mú un kó lè wò ó bóyá á gba ọmọ wa, ó gbé e lé apá, lórí kóòtù tirẹ̀ tó ti bọ́ nítorí ooru inú ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ síbi ẹ̀rọ téèyàn ti ń sanwó fúnra ẹni, ó fi gbogbo ọjà inú agbọ̀n han ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sanwó, ó gba rísíìtì, ó jáde. Kóòtù ọmọdé ṣì wà lápá rẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tí sẹ́kúríìtì fi dá a dúró.

Ó sọ fún mi pé nígbà tí ọkùnrin náà tọ́ka sí kóòtù yẹn, òun rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwọn méjèèjì á jọ rẹ́rìn-ín ni. Bí wọ́n ṣe pe ọlọ́pàá nìyẹn.

Nígbà tí lẹ́tà ilé ẹjọ́ dé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. N ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ èmi, bàbá mi kì í kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Tí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó kéré á dọ̀bálẹ̀, á ní òun jẹ̀bi, àgbà á ní, “Ó tán, dìde,” wọ́n á sì jọ jẹun. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé kó tó dọ̀bálẹ̀, agídí ni wọ́n ń pè é. Ìgbà téèyàn bá ti bẹ̀bẹ̀ tán ni wọ́n tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n tí mo gbé sọdá òkun nìyẹn.

“Gbọ́,” mo ní, “tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé o jẹ̀bi. Kúnlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn. Àánú ẹ á ṣe wọ́n.”

“Dádì, mi ò mà jalè.”

“Ìyẹn kọ́ ló wà nílẹ̀. Ṣé a fẹ́ kó tán ni, àbí a fẹ́ bá wọn jà? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.”

Ó wò mí, ó ká lẹ́tà náà padà sínú àpòòwé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ ọ́ létí ni.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, wọ́n sọ fún wa pé lọ́yà ọ̀fẹ́ kan wà ní kóòtù tó lè kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó ti ń dìde lọ, mo fà á láṣọ. Mo ní ẹni tó gbé lọ́yà dání kò wá bẹ̀bẹ̀, ìjà ló bá wá. Ó tún jókòó. Nígbà tí wọ́n pè é, ó dúró sẹ́yìn gíláàsì níbi tí ẹni tó ń jẹ́jọ́ máa ń dúró sí, akọ̀wé kóòtù bi í bóyá ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi. Ó wò mí níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Mo jẹ̀bi, sà. Mo gbàgbé pé ó wà lápá mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Òyìnbó ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìgbà tó ń kí ìyá mi. Àwọn adájọ́ mẹ́ta tó jókòó níbẹ̀ kò le mọ́ ọn. Wọ́n ní kó san owó ìtanràn, wọ́n ní kó máa lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ gbà mí o, a dúpẹ́! Nígbà tí a dé Barking, mo ra adìyẹ díndín fún un. Mo ní, “Ṣé o rí i? Ó ti tán.” Inú mi dùn. Agọ̀ ni mí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí máníjà ilé ìtọ́jú pè é sí ọ́fíìsì. Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ wọn: kóòtù ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jalè, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ bẹ́ẹ̀, ta ló tún fẹ́ gbèjà rẹ̀? Báwo ni wọ́n á ṣe jẹ́ kó máa wọ yàrá àwọn arúgbó tí wọn ò lè ṣọ́ báàgì ara wọn? Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí àwọn á fi pinnu. Tí iṣẹ́ yẹn bá sì bọ́, físà wa náà bọ́ nìyẹn, a ó kẹ́rù wa. Ọmọ wa ti ní ọ̀rẹ́ ní ilé ìwé rẹ̀ ní Goresbrook. Ó ti ń sọ òyìnbó bí ọmọ ibí.

Ìyàwó mi kò bá mi jà, ìyẹn ló sì burú jù. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham nígbà yẹn. Láràárọ̀ tí mo bá jí, màá bá ìbọ̀sẹ̀ mi lórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òun tí kò ní ibi iṣẹ́ kankan tó ń lọ ló ń jí ṣáájú mi. Kò wọ ṣọ́ọ̀bù mọ́ àfi tí mo bá tẹ̀ lé e. Tó bá sì wọlé, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ gbígbóná. Rísíìtì búrẹ́dì lásán, á dì í mú lọ́wọ́ títí a ó fi délé. Mo máa ń sọ pé, “Má bínú, ìyàwó mi, ó máa tán.” Á ní, “Mo ti gbọ́, Dádì.” Kò ní wojú mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá ọ́fíìsì kan rí nítòsí ọjà East Street, níbi tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn òfin lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí n bá òun lọ, mo sì gbọ́dọ̀ lọ. Lọ́yà tó dá wa lóhùn jẹ́ ọmọbìnrin Yorùbá kan tí wọ́n bí síbí. Yorùbá rẹ̀ kò gún, ṣùgbọ́n ó mọ Ọ́ńkù, ó mọ Àǹtí, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń wo àgbàlagbà tó ti ṣìṣe.

“Àǹtí, kí ló dé tí ẹ sọ pé ẹ jẹ̀bi?”

Mo ní, “Èmi ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀.”

“Háà! Ọ́ńkù!”

Ó ṣàlàyé pé ní kóòtù yẹn, ẹni tó bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi kì í lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ẹ̀bi náà mọ́. Ó lè ní ìyà tí wọ́n fi jẹ òun ti pọ̀ jù, ìyẹn nìkan ni. Ìyàwó mi ní ìyà kọ́ ni ìṣòro òun, orúkọ olè tí wọ́n sọ òun ni. Ọmọbìnrin náà bá ní ilẹ̀kùn kan ṣì wà. Ẹni tó gbàgbé kò jalè lójú òfin. Tí Àǹtí bá sọ pé òun jẹ̀bi, tó sì tún sọ lójú ẹsẹ̀ pé òun gbàgbé, a jẹ́ pé kò tíì jẹ́wọ́ olè. Ó yẹ kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n kọ ọ́ pé kò jẹ̀bi. A lè bẹ kóòtù pé kó tún ẹjọ́ náà ṣí. Ṣùgbọ́n adájọ́ á fẹ́ mọ ìdí tí èèyàn tórí rẹ̀ pé fi ní òun jẹ̀bi ohun tí kò ṣe. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.

Mo gba bírò. Mo kọ ọ́ pé ẹbí ló gba ìyàwó mi nímọ̀ràn.

“Ẹbí wo, Ọ́ńkù?”

Ara mi gbóná. Mo bi í bóyá wọ́n á kà á síta ni, nítorí mo ní ipò nínú ìjọ, àwọn èèyàn ń fọ̀ràn lọ̀ mí. Ọmọ tí mo lè bí ni o. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá rọra ní, “Ọ́ńkù, ṣé ti ìjọ la wá ṣe ni àbí ti Àǹtí?” Ìyàwó mi ń wo fèrèsé. Mo fa ìlà sórí ẹbí, mo kọ “èmi ọkọ rẹ̀” síbẹ̀. Mo kọ gbogbo ẹ̀: pé mo ní kó kúnlẹ̀, pé mo fà á láṣọ kó má rí lọ́yà, pé mo mi orí sí i. Mo fọwọ́ sí i.

A dúró fún oṣù kan àti ààbọ̀ kí wọ́n tó pè wá. Adájọ́ mìíràn ni, ọkùnrin kan báyìí tó wọ awò ojú. Wọ́n ti rí àkọsílẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ìyàwó mi sì wà níbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́: ó ní òun jẹ̀bi, ó ní òun gbàgbé, ó bẹ̀bẹ̀. Adájọ́ ka ìwé tèmi ní ìdákẹ́jẹ́, ó gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ojú tì mí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó ní kò yẹ kí wọ́n gba irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, òun fagi lé e, kí wọ́n bi í léèrè lákọ̀tun.

Wọ́n bi í. Ó yíjú sí mi gẹ́gẹ́ bíi tìjọ́sí. Mo tẹrí ba kíákíá, mo tẹjú mọ́ bàtà mi, n ò mi orí, n ò ṣẹ́jú.

“Mi ò jẹ̀bi, sà.”

Kò tẹ orúnkún.

Lọ́yà ìjọba ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀. Nítorí pé ìyàwó mi ti ní òun jẹ̀bi tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó wo àwòrán kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù náà dáadáa rí. Nígbà tó wò ó, ó padà wọlé, ó ní kóòtù òjò ọmọdé náà hàn gbangba lápá ìyàwó mi, kò fi pa mọ́, ó tiẹ̀ dúró síwájú sẹ́kúríìtì gan-an láti ti rísíìtì bọ pọ́ọ̀sì. Ó ní ìjọba kò ní ẹ̀rí kankan mú wá. Adájọ́ tú ẹjọ́ náà ká. Lọ́yà wa fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú; kó tó di ìrọ̀lẹ́, máníjà ti pè pé kó máa bọ̀ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìyàwó mi ní, “Ẹ ṣé, mà,” ó pa fóònù.

Nígbà tí a délé, ọmọ wa ń wo tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá. Ìyàwó mi gbé omi kaná fún ẹ̀bà. Mo wọ ilé ìdáná, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ilé ìdáná yẹn kò gùn tó mi, ẹsẹ̀ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí mi wà lẹ́bàá fíríìjì.

“Mo jẹ̀bi,” mo ní.

Kò ní kí n dìde. Mo gbọ́ tó pa gáàsì.

“Ẹ jẹ̀bi kí ni, Dádì? Àbí ẹ kàn fẹ́ kó tán ni?”

Ká sọ òótọ́, n ò múra ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

“Mo mọ̀ pé o ò jalè,” mo ní, “mo sì ní kó o sọ pé o jalè.”

“Ẹ mọ̀?”

“Mo mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé orí mi, ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

“Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí,” ó ní. “Mo rò pé ẹ gbà pé mo jí i ni.”