Fọ́tò Tí Wọ́n Yà Ní Láfẹ́ńwá

Ọ́fíìsì ni mo wà l'Ékòó lọ́jọ́ Jímọ̀ náà tí fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọlé sórí fóònù mi. Inú gúrúùpù àwa tá a jọ ṣe ilé-ìwé girama ni ẹnì kan jù ú sí. Ẹ̀gbọ́n mi dúró létí mọ́tò ní gáréèjì Láfẹ́ńwá l'Ábẹ́òkúta, ó gbé ọmọdébìnrin kan mọ́ àyà, ọmọ náà ya ẹnu, ó ń ké. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ ṣọ́ra o! Gbọ́mọgbọ́mọ rèé. Ẹ wo bí ọmọ ṣe pupa tí òun dúdú. Mọ́tò Alábàtà ló wọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè mú un."

Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọ náà. Bàbá ọmọ ló pupa fòò, ọmọ sì gbé àwọ̀ bàbá rẹ̀. Ìyá ọmọ, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, ń kàwé ní yunifásítì l'Álábàtà, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣàpọ́n, níbi tó ti ń ta aṣọ, ni ọmọ máa ń wà láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá di Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á gbé e lọ bá ìyá rẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, kò wọlé. Mo tún pè. Mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyí! Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé! Ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́!" Ọ̀rọ̀ mi ò tíì fìdí balẹ̀ tí èpè fi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n dáná sun ún. Èmi àti ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà rí.

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ọ̀gá mi obìnrin bi mí pé kí ló dé. Mo fi fóònù hàn án.

Ó ní, "Háà! Èyí ti wọ gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n tìẹ ni? Máa lọ, máa lọ!"

Nínú ọkọ̀, mi ò lè jókòó gbọnin. Mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi, mò ń pe ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e. Nígbà tá a dé Wásinmi, mo gbọ́ tí obìnrin méjì lẹ́yìn mi ń wo fọ́tò náà. Ọ̀kan ní, "Ojú ẹ̀ gan-an fi hàn."

Mo yíjú padà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Kò jí ọmọ ẹnikẹ́ni gbé."

Èyí tó sún mọ́ mi fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

A ò tíì wọ Abẹ́òkúta tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí. Ó ń sunkún. "Àǹkù, wọn ò pa màámi. A ti délé."

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ̀ kalẹ̀ l'Álábàtà ni àwọn géńdé àti ọlọ́kadà yí i ká. Wọ́n já fóònù rẹ̀ gbà, wọ́n là á mọ́lẹ̀. Wọ́n fa híjáàbù rẹ̀ ya. Wọ́n fẹ́ gba ọmọ, kò jọ̀wọ́ rẹ̀, ọmọ náà sì so mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ló fi ara rẹ̀ sáàárín wọn. Ó ní, "Ẹ dúró ná! Ọmọ tí wọ́n jí gbé, ṣé ẹni tó jí i ló máa rọ̀ mọ́ báyìí?" Ó gbé fóònù tirẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi sì pe ọmọ rẹ̀. Ìyẹn sáré dé láìwọ bàtà.

Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ọmọge tó ya fọ́tò náà gbọ́ òtítọ́, ó wá bẹ̀bẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n ti jí ọmọ kan gbé rí nínú ẹbí wọn. Ó ní láti ìgbà náà, bí òun bá ti gbọ́ tí ọmọ ń ké níta, àyà òun á máa já.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mo ti pa á rẹ́, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "O pa tìẹ rẹ́. Tàwọn tó kù ńkọ́? Mo dárí jì ọ́ nítorí Ọlọ́run. Àmọ́ èmi ni mo máa gbé ojú yìí rìn kiri."

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ń gbé ọmọ lọ s'Álábàtà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà, ni mo bá tẹ̀ lé e. Nígbà tá a dé Láfẹ́ńwá, kò wọkọ̀. Iwájú àwọn awakọ̀ ló lọ dúró sí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni obìnrin inú fọ́tò yẹn. Ọmọ-ọmọ mi rèé. Ẹ wò wá dáadáa."

Àgbà awakọ̀ kan ní, "Ẹ má bínú, Àlàájà." Òmíràn ti gbé fóònù sókè, ó fẹ́ ká a sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí i. "Sọ ìyẹn kalẹ̀. Ojú ẹ ni kó o fi wò mí."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. A wọkọ̀, a dé Alábàtà láyọ̀, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá ti tẹ fóònù nínú ọkọ̀ ni mò ń ṣọ́.

Fọ́tò náà ò kú. Láìpẹ́ yìí ló wọ gúrúùpù ọ́fíìsì wa. Wọ́n ti yọ Alábàtà, wọ́n ti fi Ìbàdàn sí i. Mo lọ bá ẹni tó fi ránṣẹ́ nídìí tábìlì rẹ̀, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ sí òun lòun ṣe fi ránṣẹ́. Ó pa á rẹ́ lójú mi. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí pé, "Àmọ́, ṣé ó dá yín lójú pé ọmọ-ọmọ wọn ni?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ ra ọjà n'Íbàdàn. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ."

Ó ní, "Ṣé wàá máa tẹ̀ lé mi títí ayé ni?"

Ó dá lọ. Mò ń pè é lójú ọ̀nà ṣáá, títí tó fi sú u, tó pa fóònù.