Ẹ Bá Mi Tọ́jú Wọn

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Àfínkú fi ń pa kòkòrò jẹun, kò sì sí ọjọ́ kan tó ti ẹnu rẹ̀ jáde pé òun ń pa nǹkan kan.

Kì í ṣe pé òpùrọ́ ni. Iṣẹ́ náà ló gba kéèyàn mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí ìdun ń jẹ ní yàrá kò ní fẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́, ìyàwó ilé tí aáyán ń sáré kiri lórí àwo rẹ̀ kò sì ní jẹ́wọ́ lójú àlejò. Nítorí náà, bí Àfínkú bá kan ilẹ̀kùn, á rẹ ohùn sílẹ̀ bíi dókítà, á ní, "Ẹ kúulé, Mà. Mo wá bá yín tọ́jú wọn ni." Ta ni "wọn"? Kò sẹ́ni tí í béèrè. Wọ́n á kó ọmọ jáde, wọ́n á kó ìkòkò jáde, nígbà tó bá fi máa di wákàtí méjì, gbogbo "wọn" á ti sùn rẹrẹ sílẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ sókè, wọ́n á máa wo àjà. Àwọn àgbà ní àdàpè olè ni "ọmọ mi ń fẹ́wọ́". Àdàpè ti Àfínkú ni ìtọ́jú. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó tó gbé kọ́ ẹnu géètì: A Ń TỌ́JÚ KÒKÒRÒ. Arìnrìn-àjò kan rí i lọ́jọ́ kan, ó sì wọlé wá béèrè bóyá wọ́n ń tọ́jú ológbò náà.

Nígbà tó yá, ẹ̀yìn tó fi ń gbé ẹ̀rọ ìfínkòkòrò kọ̀ jálẹ̀, Àfínkú bá fẹ̀yìn náà tì. Ó pín àwọn ìgò oògùn tó ṣẹ́ kù fún àwọn ará ilé bí ẹni ń pín ogún. Obìnrin alágbàfọ̀ tó ń gbé yàrá kejì sí ti Àfínkú ló gba ìgò tó tóbi jù, nítorí òun ló kórìíra ìdọ̀tí jù. Àfínkú fara balẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fín in: abẹ́ ewé kó tó kan òkè ewé, torí abẹ́ ewé ni ọ̀tá ń sá pamọ́ sí.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni apá òsì ìyàwó rẹ̀ kú mọ́ ọn lára, apá, ẹsẹ̀, àti ìlàjì ẹnu. Wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sídìí fèrèsé kó lè máa rí ìta. Ìta náà kò ju nǹkan mẹ́rin lọ: ẹ̀rọ omi tó ń jò, okùn tí alágbàfọ̀ ń sá aṣọ sí, igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan, àti ògiri. Ilẹ̀ tó kù, ìdajì rẹ̀ sìmẹ́ńtì, ìdajì rẹ̀ iyanrìn tí alágbàfọ̀ ń gbá ní ìdájí bí ẹni pé ó ṣẹ̀ ẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin náà wo ìta títí, ó ní, "Labalábá dà?"

Àfínkú rò pé àìsàn ti wọ orí ni. Ó ní labalábá wo. Ìyàwó rẹ̀ ní èyí tó máa ń bà sórí aṣọ ọmọ lọ́dún tí wọ́n kó dé ilé yìí, tí òun máa ń fi ìnura lé. Ó ní ọdún wo ni wọ́n lọ, ibo ni wọ́n lọ.

Ọkọ rẹ̀ gbé àga síta kó lè já a nírọ́. Ó jókòó láti àárọ̀ títí òòrùn fi rọlẹ̀. Ó rí ọkọ̀ òfuurufú kan, ó sì rí ọ̀rá mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Méjì nínú ọ̀rá náà mú un dìde lórí àga. Ó wá ye e pé nínú ọgbà náà, inú òwe nìkan ni labalábá ṣẹ́ kù sí. Bí lánlọ́ọ̀dù bá fẹ́ bú ayálégbé tó ra ọkọ̀, á ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ. Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, láìsí ẹnì kan níbẹ̀ tó rí labalábá láti ọdún mélòó kan.

Nígbà tó padà wọlé, ìyàwó rẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Mo fẹ́ rí ẹyọ kan kí n tó lọ."

Àfínkú kò béèrè ibi tó ń lọ. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ ní ìlú mìíràn, ni Àfínkú pè lórí fóònù, ó ní kó kọ́ òun bí labalábá ṣe lè padà wá. Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá òun ló ń béèrè, ẹ̀rín tán. Ó ní kí bàbá òun má fín nǹkan kan mọ́, ì báà ṣe ẹ̀kán kan. Kó gbin òdòdó tí àsìkò ìtànná wọn yàtọ̀ síra. Kó jẹ́ kí koríko hù lẹ́bàá ògiri. Kó bu omi sínú àwo pẹlẹbẹ, kó to òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí oyin àti labalábá lè rí ibi dúró sí mu láìrì. Ó wá ní, "Bàbá, tí ẹ bá sì rí kòkòrò tó ń jẹ ewé, ẹ fi í sílẹ̀ o. Òun gan-an ló ń di labalábá."

Bàbá gba ojú fèrèsé wo igi ọsàn náà. Lọ́dọọdún ni Àfínkú máa ń fín igi ọsàn yẹn, lọ́fẹ̀ẹ́, kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ó fi òòlù fọ́ sìmẹ́ńtì náà fúnra rẹ̀, ó dá ilẹ̀, ó gbin òdòdó. Ó pe àwọn ará ilé jọ, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fín oògùn síta mọ́, pé òun fẹ́ kí labalábá padà wá. Lánlọ́ọ̀dù wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní inú òun dùn, ológbò ti ronú pìwà dà, kí wọ́n wá bá òun ránṣẹ́ sí àwọn eku kí wọ́n wá kí i. Alágbàfọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, koríko lẹ́bàá ògiri ò yàtọ̀ sí ìdọ̀tí lọ́rùn ẹ̀wù. Ó ní, "Nítorí Màmá ni màá fi gbà o, Bàbá. Kì í ṣe nítorí koríko."

Nǹkan kan wà tí Àfínkú kò sọ fún wọn. Labalábá ló dárúkọ, kò dárúkọ kòkòrò. Ó mọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé kòkòrò ń bọ̀ wá jẹ ewé nínú ọgbà, kò ní dúró gbọ́ ohun tí kòkòrò náà fẹ́ dà.

Oṣù mẹ́ta kọjá, kò sí nǹkan kan. Ní oṣù kẹrin, oyin kan wá, ó yí òdòdó ká, ó lọ. Àfínkú ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí ọba bẹ̀ wò. Nígbà tí òjò wá fìdí múlẹ̀, ó rí nǹkan lára ewé ọsàn tó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ. Ó ti mú àkísà láti nù ún dànù kí ìgbẹ́ náà tó rìn.

Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Láti ọjọ́ náà, kó tó fọ ẹnu láàárọ̀, Àfínkú á ti dé ìdí igi, á fi ìka kà wọ́n láìfọwọ́ kàn wọ́n, á sì wọlé wá jíṣẹ́. Wọ́n bọ́ àwọ̀ ìgbẹ́, wọ́n di àwọ̀ ewé, wọ́n sanra tó ọmọńdinrín. Wọ́n jẹ ewé ọsàn náà débi pé igi ń tijú. Lẹ́yìn náà, méjì gun ẹ̀ka kan, wọ́n ta fọ́nrán òwú yí ara wọn ká, wọ́n so mọ́ igi, wọn ò mira mọ́. Ọmọ wọn ní lórí fóònù pé tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàwó Àfínkú fi ìlàjì ẹnu tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé ìrọ̀rí sókè díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn èyí ni èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé, ariwo sọ, Àfínkú di orí mú, alágbàfọ̀ di ẹsẹ̀ mú, wọ́n gbé e wọ inú ọkọ̀. Wọ́n ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ nígbà tí Àfínkú yọ orí síta.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú àwọn kòkòrò ara igi ọsàn yẹn o. Ẹ má gbàgbé."

"Ẹ máa lọ, Bàbá," ni alágbàfọ̀ wí. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Màá tọ́jú wọn dáadáa."

Ó sì fọkàn balẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó bà á nínú jẹ́ nínú ọkọ̀ náà, ìyẹn nìkan ni kò rò mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò. Ìyàwó rẹ̀ ń sùn, ó ń jí. Bó bá lajú, á béèrè pé ṣé wọ́n ti jáde, ọkọ rẹ̀ á ní ó kù díẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, dókítà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ máa gbé Màmá lọ sílé, kí ẹ máa tọ́jú wọn níbẹ̀." Àfínkú mọ ohùn yẹn dénú. Ohùn tirẹ̀ ni. Ó lọ di ẹrù wọn.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní géètì.

Ọgbà náà mọ́ tónítóní. Wọ́n ti ro koríko ẹ̀bá ògiri. Wọ́n ti da omi inú àwo nù, wọ́n sì dojú àwo dé kí yànmùyánmú má bàa yé sí i. Ewé ọsàn ń dán, òróró oògùn ṣì wà lára wọn. Alágbàfọ̀ dúró sídìí igi náà, ìgò ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣófo.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá. Mo ti bá yín tọ́jú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fín in, abẹ́ ewé kó tó kan òkè, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Àánú yín ló ṣe mí nígbà tí mo rí ohun tí wọ́n fi igi yín ṣe, mo ní àìsàn Màmá ni ò jẹ́ kí ẹ ráyè. Ẹyọ kan ò ṣẹ́ kù."

Òótọ́ ló sọ. Méje wà nílẹ̀, wọ́n ká kò, eèrà ti ń wọ́ wọn lọ. Méjì ṣì so mọ́ ẹ̀ka, wọ́n ti dúdú bí èédú. Àfínkú wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún irú ọ̀ràn yìí, òun ló sì dá a sílẹ̀. Obìnrin náà ń wò ó tàánú-tàánú. Kò sí ẹni tó ṣe é lóore tó o nínú ilé yẹn.

"Ẹ ṣé é, Ìyá," ló wí. "Ẹ kú ìtọ́jú."

Wọ́n gbé ìyàwó rẹ̀ wọlé, wọ́n tẹ́ ẹ sídìí fèrèsé. Àfínkú rọra dúró sáàárín òun àti ìta, ó ń tún aṣọ ìbora tí kò bàjẹ́ ṣe. Ìyàwó rẹ̀ kò wá bí yóò ṣe wo ìta. Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà á. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni òórùn yẹn fi bá a sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà.

"Ta ló tọ́jú wọn?" ló béèrè.

Alágbàfọ̀ ń kọrin lóde, ó ń sá aṣọ.

"Èmi ni," ni Àfínkú wí.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó lójú. Ìlàjì ẹnu tó ń gbọ́ràn dàbí ìlàjì kejì.

"Ẹ bá mi pa fèrèsé dé," ló wí.

Ó pa á dé. Òórùn náà ti wọlé ná.